Mò ń lọ ṣiṣẹ́ ní Kingston: kí ni àwọn ará Jàmáíkà ń sọ lẹ́nu lójoojúmọ́?

Tèmítọ́pẹ́_Nọ́ọ̀sì

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Orúkọ mi ti jáde nínú àwọn tí Technical Aid Corps, ètò ìjọba Nàìjíríà tó ń rán òṣìṣẹ́ lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, fẹ́ rán lọ sí Jàmáíkà. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, ilé ìwòsàn kan ní Kingston ni wọ́n sì pín mi sí. Ọ̀rọ̀ èdè ló ń jẹ mí lọ́kàn. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ̀wé ní ọ́fíìsì lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ti débẹ̀ ló ń sọ fún mi pé Patwa, èdè ẹnu àwọn ará ibẹ̀, ni aláìsàn fi ń ké ìrora. Inú orin ni mo ti gbọ́ ìwọ̀nba tí mo gbọ́, mo sì mọ̀ pé ohun tí olórin ń pariwo lórí pèpéle kọ́ ni ìyá àgbàlagbà máa bá mi sọ ní wọ́ọ̀dù láàárín òru. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé ibẹ̀, kí ni wọ́n fi ń kí ara wọn? Kí ni wọ́n ń sọ nínú ọkọ̀ àti lọ́jà? Èwo ni kò yẹ kí àlejò gbé sẹ́nu rárá?

Ìyá_Mandeville

Kú oríire, ọmọ mi. Ọlọ́run á ṣíwájú rẹ. Nọ́ọ̀sì lèmi náà, ó ti pẹ́ tí mo ti wà níbí.

Kọ́ ìkíni ná, ìyókù á máa tẹ̀ lé e. Tí o bá wọ takisí tí èèyàn mẹ́ta ti jókòó síbẹ̀, "Good morning" ni wàá kọ́kọ́ sọ, gbogbo wọn ló máa dáhùn. Tí o bá wọ yàrá tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de dókítà, bákan náà ni. Ẹni tó bá wọlé gẹ̀rẹ̀ tó jókòó láìkí ẹnikẹ́ni, wọ́n á ní kò ní "broughtupsy", ìyẹn ẹ̀kọ́ ilé. Àwọn àgbà wọn máa ń sọ pé "Howdy an tenky nuh bruk no square": ẹ kú ilé àti ẹ ṣeun ò dá ìjà sílẹ̀ rí. Ọmọ Yorùbá ni ọ́, èyí ò ní nira fún ọ.

Ti alẹ́ ló máa yà ọ́ lẹ́nu. Ẹnì kan lè kan ilẹ̀kùn rẹ ní aago mẹ́jọ alẹ́, kó ní "Good night!" Kò dágbére o. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ó ń kí ọ. "Good night" náà ni wàá fi dá a lóhùn, kí o sì ṣílẹ̀kùn fún un.

"Wah gwaan" tí gbogbo ayé mọ̀, ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́ ni. "Mi deh yah" ni ìdáhùn rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ní òun wà ńbẹ̀, ẹ̀mí ń bẹ. Ẹni tí nǹkan ń dán fún á ní "Everything criss". Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò dùn á ní "Nutten nah gwaan". Má fi kí ẹni tó jù ọ́ lọ. Àgbà obìnrin, "Miss" ni kí o fi ṣáájú orúkọ rẹ̀. Àgbà ọkùnrin, pàápàá ní ìgbèríko, "Mass" ni.

Tèmítọ́pẹ́_Nọ́ọ̀sì

Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ti "Good night" yẹn, mi ò bá ti sọ fún àlejò pé ó dàárọ̀. Ti àìsàn wá ńkọ́? Báwo ni wọ́n ṣe ń sọ ibi tó ń dùn wọ́n?

Dókítà_Ìsẹ́yìn

Èmi ni kó o bi ní ìyẹn, àbúrò. Montego Bay ni mo ti ṣiṣẹ́.

Bí aláìsàn bá ní "Mi foot a hurt mi", má wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan. Láti ìdí itan dé ọmọ ìka ni "foot". Láti èjìká ni "hand". Ẹni tó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwé nìkan lè ṣìnà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni àwa náà ń pe gbogbo rẹ̀, ọwọ́ náà sì ni.

"Mi have sugar", ìtọ̀ ṣúgà nìyẹn. "Pressure" ni ẹ̀jẹ̀ ríru. "Running belly" ni ìgbẹ́ gbuuru. "Fresh cold" ni ọ̀fìnkìn. Tó bá sọ fún ọ pé "bad feeling" ń mú òun, kì í ṣe pé inú rẹ̀ ò dùn: òòyì ń kọ́ ọ, ó lè dákú, tètè mú un jókòó.

Èyí tó yẹ kó o fara balẹ̀ sí jù ni "gas". Wọ́n gbà pé gas lè wọ ẹ̀yìn, ó lè wọ èjìká, ó lè gun orí. Bàbá kan lè dé pẹ̀lú àyà dídùn, kó máa gbọnwọ́ sí ọ pé "a jus gas, nurse", kó sì ti mu omi atalẹ̀ gbígbóná nílé kó tó wá. Má bá a jiyàn, má sì bú u. Sọ fún un pé ẹ ó wo gas náà, kó o sì so ECG, ẹ̀rọ tí a fi ń wo bí ọkàn ṣe ń lù, mọ́ ọn láyà lójú ẹsẹ̀.

Tún bi wọ́n léèrè irú "tea" tí wọ́n ń mu. Ohunkóhun tó bá gbóná tí wọ́n ń mu ni tíì lọ́dọ̀ wọn: "chocolate tea", "Milo tea", omi ọbẹ̀ ẹja náà, "fish tea" ni. Àwa náà kúkú ń pe Milo ní tíì. Èyí tó kan iṣẹ́ rẹ jù ni "cerasee". Ejìnrìn wa ni o, ejìnrìn gan-an. Wọ́n ń sè é mu fún ìfọ̀nù àti fún ẹ̀jẹ̀. Ó máa ń fa ṣúgà ara wálẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá ń gba oògùn ìtọ̀ ṣúgà, bi í bóyá cerasee wà nílé.

Bọ̀dá_Peckham

Mo kí gbogbo yín. Èmi ò dé Jàmáíkà rí, Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí wà nínú ilé mi. Ọmọ mi ọkùnrin á wọlé láti ilé ìwé, "Wagwan" ló máa sọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Gánà, "Wagwan". Ọmọ Òyìnbó tó wà ní òdìkejì ọ̀nà, "Wagwan". Mo mọ ibi tó ti wá: láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi Empire Windrush ti gúnlẹ̀ sí Tilbury ní oṣù kẹfà ọdún 1948 ni àwọn ará Jàmáíkà ti ń kún àdúgbò wa, Brixton títí dé Peckham. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa, Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bà jẹ́ ni. Mi ò lè máa san owó ilé ìwé kí ọmọ mi máa sọ ọ́.

Olùkọ́_Èdè

Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n ta kò yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí bí mo bá ti gbọ́ ọ.

Ẹ gbọ́ gbólóhùn yìí: "A run im a run." Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá: "Sísá ni ó ń sá." Ẹ gbọ́ òmíràn: "A tief im tief it." Jíjí ló jí i. Ẹ wá dán an wò ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ sọ ọ̀rọ̀-ìṣe náà lẹ́ẹ̀mejì bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí i pé Gẹ̀ẹ́sì ò gbà á. Kì í ṣe àṣìṣe ni ará Jàmáíkà ṣe. Òfin gírámà ló ń tẹ̀ lé, òfin ọ̀hún sì sún mọ́ ti ìyá yín ju ti Òyìnbó lọ.

Ẹ tún wo "Im a nurse" àti "Im deh a Kingston". Ọ̀rọ̀ kan wà fún ohun tí èèyàn jẹ́, òmíràn wà fún ibi tó wà. Àwa náà ń ya "ni" sọ́tọ̀ kúrò lára "wà": nọ́ọ̀sì ni, Kingston ló wà. "Tek knife cut di yam": mú ọ̀bẹ gé iṣu. "Carry it come": gbé e wá. Ní ìgbèríko, níbi tí èdè náà ti jinlẹ̀ jù, "im" lè jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, bí "ó" tiwa.

Ibi tó ti wá kò ṣókùnkùn. Gẹ̀ẹ́sì gba erékùṣù náà lọ́wọ́ Spéènì ní 1655, wọ́n wá ń kó àwọn èèyàn wa láti oríṣiríṣi ìlú lọ sí oko ìrèké. Ẹni tó ń sọ Twi àti ẹni tó ń sọ Ìgbò wà lójú ebè kan náà, ọ̀gá wọn ń fi Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n mú, wọ́n sì fi ọgbọ́n èdè tí wọ́n gbé wá láti ilé tò ó.

Frederic Cassidy, ọmọ Jàmáíkà fúnra rẹ̀, àti Robert Le Page ṣe ìwé atúmọ̀ èdè fún un ní 1967. Yunifásítì West Indies ní Mona dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún un ní 2002. Májẹ̀mú Tuntun jáde ní Patwa ní 2012. Ẹ ò sì lè sọ̀rọ̀ Patwa kí ẹ má dárúkọ Louise Bennett, tí gbogbo wọn ń pè ní Miss Lou. 1919 ni wọ́n bí i, 2006 ló kú. Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń tijú èdè yìí, òun ló gbé e lọ sórí rédíò, sórí ìtàgé, sórí tẹlifíṣọ̀n àwọn ọmọdé, pẹ̀lú aṣọ ìbílẹ̀ àti gèlè lórí. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn dọ́kàn.

Bọ̀dá_Peckham

"Sísá ni ó ń sá." Mo kà á sókè fún ìyàwó mi. Ó gba èèyàn ní ìrònú, Olùkọ́. Síbẹ̀, kò sí ọmọ tó máa fi "wagwan" kí mi nínú ilé mi.

Ìyá_Mandeville

Ẹ jàre, bọ̀dá. Àwọn bàbá tibí náà ò ní gbà á lọ́wọ́ ọmọ wọn.

Ọmọ_Ẹ̀gbá

Ẹ ò ṣe sọ ọ́ tààrà pé èdè wa ni? Abẹ́òkúta kan wà ní Jàmáíkà, mo ti rí i lórí máàpù! Àwọn baba wa ló dá Patwa sílẹ̀.

Olùkọ́_Èdè

Ọmọ Ẹ̀gbá, Abẹ́òkúta wà níbẹ̀ lóòótọ́, ní ẹkùn Westmoreland, ní ìwọ̀ oòrùn erékùṣù náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Àwọn Yorùbá tó tẹ̀ ẹ́ dó wà lára àwọn tí ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn akẹ́rú. Láàárín 1841 sí 1867 ni wọ́n kó irú wọn wá láti ṣiṣẹ́ àdéhùn, lẹ́yìn tí oko ẹrú ti dópin ní 1838. Patwa ti dàgbà kí wọ́n tó dé. Nago ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Ní Hanover, ẹkùn tó bá wọn pààlà, àwọn ọmọ Yorùbá tibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Etu, ijó wọn sì ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn Akan, àwọn tó ń sọ Twi ní Gánà, ni ọ̀rọ̀ wọn pọ̀ jù nínú Patwa nínú èdè Áfíríkà. Anansi, aláǹtakùn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ tí àwọn ọmọ Jàmáíkà ń pa àlọ́ rẹ̀ bí a ṣe ń pa ti Ìjàpá, tiwọn ni. "Dukunu", tí wọ́n ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé sè, tiwọn ni. Orúkọ ọjọ́ ìbí náà pọ̀: Cudjoe, Cuffee, Quaco. "Unu", tí wọ́n fi ń pe èèyàn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí a ṣe ń ní "ẹ̀yin", Ìgbò ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ títí dòní. "Backra", Òyìnbó ọ̀gá oko, ọ̀dọ̀ àwọn Èfìk àti Ìbíbíò ló ti wá. "Nyam", láti jẹun, ẹ lè gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu Wolof àti Fúlàní.

Àkànkẹ́_Alákàrà

Àkàrà ńkọ́, Olùkọ́? Mo gbọ́ pé wọ́n ní in.

Olùkọ́_Èdè

Wọ́n ní "akra", àǹtí. Ìyẹ̀fun àti ẹja oníyọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é, kì í ṣe ẹ̀wà. "Stamp an go" ni ọ̀pọ̀ wọn mọ̀ ọ́n sí.

Tèmítọ́pẹ́_Nọ́ọ̀sì

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́jà díẹ̀. Ilé oúnjẹ ilé ìwòsàn ò lè tó mi.

Ìyá_Mandeville

Coronation Market ni wàá lọ, ní àárín ìlú Kingston. Obìnrin tó ń kó ẹrù oko wá tà níbẹ̀ ni "higgler". Kí i kó o tó béèrè iye. Tó bá wọn iṣu fún ọ tán, sọ fún un pé "Beg yuh a likkle brawta". Brawta ni èènì! Ìgbà tí mo gbọ́ ọ, ara mi yá gágá, torí ohun tí mo rò pé mo fi sílẹ̀ ní ọjà Ọjẹ́ nìyẹn. Ata kan, tàbí ẹ̀ka tháìmù, lá jù sínú báàgì rẹ. "Beg yuh" kì í ṣe ìṣagbe, bí a ṣe ń sọ "jọ̀ọ́" ni.

Wàá tún rí iṣin lórí àtẹ. "Ackee" ni wọ́n ń pè é, òun àti ẹja oníyọ̀ ni oúnjẹ orílẹ̀-èdè wọn, láti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà la sì ti gbé igi rẹ̀ débẹ̀ láyé oko ẹrú. Bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ra fún un nílé náà ni wọ́n ń ṣọ́ra fún un níbí: èyí tí kò bá fúnra rẹ̀ lanu lórí igi, májèlé ni.

Nínú ọkọ̀, dérébà á fẹ́ kó èèyàn mẹ́rin sí ìjókòó ẹni mẹ́ta, á ní "Small up yuhself". Sún mọ́ra ni. Tó o bá fẹ́ bọ́ sílẹ̀, pariwo "One stop, driver!" Bí ẹnì kan bá sọ fún ọ pé "soon come", má dúró lórí ìdúró. Ó lè jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún, ó lè jẹ́ ìrọ̀lẹ́. Tí wọ́n bá fẹ́ lọ, wọ́n á ní "Likkle more", ó dìgbà díẹ̀. Àgbà á ní "Walk good", bí a ṣe ń ní kí ẹsẹ̀ ire sin ẹni lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń bà mí nínú jẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé: "barrel pickney". Òkè òkun ni wọ́n ń pè ní "foreign". Ọmọ tí ìyá rẹ̀ lọ sí foreign, tó jẹ́ pé àgbá ńlá tí ìyá ń di aṣọ, ìrẹsì àti bàtà sí ni ọmọ fi ń mọ̀ pé ìyá ṣì rántí òun, ni barrel pickney. Ìyá àgbà ló máa ń mú wọn wá sọ́dọ̀ wa. Má bi ọmọ náà pé ìyá rẹ̀ dà lójú èrò.

Dókítà_Ìsẹ́yìn

Ẹ jẹ́ kí n fi ti èèwọ̀ kún un, torí òun náà ló béèrè ẹ̀.

Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ń parí sí "claat", fi sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa nílé ń gbọ́ ọ nínú orin, wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ "háà". Aṣọ tí obìnrin ń lò nígbà nǹkan oṣù ni èyí tó le jù nínú wọn ń tọ́ka sí, èébú tó wúwo ni. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1843 ka ọ̀rọ̀ rírùn ní gbangba sí ẹ̀ṣẹ̀, wọ́n sì ti fi bu owó ìtanràn lé olórin lórí lẹ́yìn tó kúrò lórí pèpéle.

Òṣé pípa náà, "kiss teeth" ni. Ìtumọ̀ tó ní nílé ló ní níbẹ̀, pa á níwájú àgbà kó o rí ohun tí wọ́n máa fi ojú wọn ṣe sí ọ.

Èdè àwọn Rasta wà lọ́tọ̀. Láti àwọn ọdún 1930 ni ìsìn yẹn ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n dé Haile Selassie ládé ní Etiópíà ní 1930. "I an I" ni wọ́n ń pe èmi àti àwa, pé Ọlọ́run wà nínú olúkúlùkù. "Babylon" ni ọlọ́pàá àti gbogbo agbára tó ń tẹ aláìní mọ́lẹ̀. Wọn ò gbà kí wọ́n sọ "oppression" torí "op" inú rẹ̀ ń dún bí "up", bí ohun tó ń gbéni sókè, "downpression" ni wọ́n ń sọ. Bí aláìsàn bá sọ fún ọ pé "ital" lòun ń jẹ, oúnjẹ tí kò ní ẹran ni, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì fi iyọ̀ sí i. Kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ̀ kí àwọn aláṣè má gbé ẹran fún un.

Àkànkẹ́_Alákàrà

Òwe wọn ńkọ́? Mo fẹ́ràn "One one coco full basket". Tiwa ni díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Bọ̀dá_Peckham

Aládùúgbò mi, ìyá arúgbó ọmọ Clarendon ní Jàmáíkà, máa ń sọ pé "Cock mouth kill cock". Ẹnu àkùkọ ló pa àkùkọ. Ó tún ní "Rockstone a river bottom nuh know sun hot". Òkúta tó wà nísàlẹ̀ odò ò mọ̀ pé oòrùn ń mú. Èyí kejì yẹn, àwọn olówó ìlú wa nílé ló máa ń mú mi rántí.

Ọmọ_Ẹ̀gbá

"Likkle but tallawah" lèmi mọ̀. Ó kéré, ó lágbára. Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìyẹ.

Tèmítọ́pẹ́_Nọ́ọ̀sì

Gbogbo yín ẹ ṣeun, mo ti ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ìbéèrè méjì ló kù. Ṣé kí èmi náà máa sọ Patwa pa dà fún wọn? Ọ̀rọ̀ wo ni wọ́n sì fi ń sọ "pẹ̀lẹ́"? Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí láìní "pẹ̀lẹ́" lẹ́nu.

Ìyá_Mandeville

Máa gbọ́ ọ, má tètè sọ ọ́. Àlejò tó bá fi ohùn orin sọ Patwa fún aláìsàn, ó lè dà bíi pé ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sì ti fi èdè yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ tó fún wọn nílé ìwé. Fi Gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn dá wọn lóhùn. Tí wọ́n bá ti sọ ọ́ di ti wọn, àwọn fúnra wọn á máa kọ́ ọ, á sì máa wọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kó o máa sọ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, òun náà lo béèrè yẹn: "Hush". Kì í ṣe "dákẹ́" tí Gẹ̀ẹ́sì pè é. Ẹni tó fẹsẹ̀ kọ, "hush". Ẹni tí òkú ṣẹ̀, "hush". Ẹni tó ń rọbí ní aago mẹ́ta òru, di ọwọ́ rẹ̀ mú kó o ní "Hush, yaa, Mommy", á mọ̀ pé o gbọ́ òun.